Ìdí tí mo fi yan “iyè” dípò “ọpọlọ” nínú ìwé ìdárayá fún àwọn tó ń gba ìtọ́jú jẹjẹrẹ

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi,

Mo ti ka àbá ẹ̀gbọ́n wa pé kí a pe ìwé pélébé tí a fẹ́ fún àwọn tó ń gba kẹ́mò (òògùn tí a fi ń bá jẹjẹrẹ jà) ní “Eré ìdárayá jẹ́jẹ́ àti iṣẹ́ ọpọlọ”. Pẹ̀lú ọ̀wọ̀ ni mo fi ń ta kò ó.

Ti “eré” kò le. Ẹni tó bá gbọ́ “eré ìdárayá” lórí rédíò, bọ́ọ̀lù ló ń retí. “Ìdárayá” nìkan ti tó. “Jẹ́jẹ́” dùn létí, àmọ́ ẹ kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ “jẹjẹrẹ” láìfi àmì sí i, kí ẹ wo bí ahọ́n òǹkàwé yóò ṣe kọsẹ̀. Ohun tí wọ́n ń ṣe gan-an kò sì dúró sórí jẹ́jẹ́. Nínú EXCAP, ètò ìdárayá fún àwọn aláìsàn jẹjẹrẹ ti Yunifásítì Rochester ní Amẹ́ríkà, tí aláìsàn ń ṣe nílé fún ọ̀sẹ̀ 6, rírìn ni àti fífa rọ́bà tó ń nà, díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n sì ń fi kún un bí agbára kálukú bá ṣe gbà. “Ìdárayá oníwọ̀nba” ni mo fi rọ́pò rẹ̀.

“Ọpọlọ” ni ìjà mi wà. Bí ẹ bá sọ fún ìyá kan pé kẹ́mò lè dí iṣẹ́ ọpọlọ rẹ̀ lọ́wọ́, Àrò ní Abẹ́òkúta ni ọkàn rẹ̀ yóò kọ́kọ́ lọ, nítorí ẹni tí orí rẹ̀ dàrú ni a máa ń sọ pé ọpọlọ rẹ̀ kò pé. “Làákàyè” burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí èébú ni kí a sọ pé ènìyàn kò ní in. “Ìràníyè”, tí ẹnì kan dábàá níbí lánàá, tilẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ mú mi rẹ́rìn-ín: bí a bá ní wọ́n ti ra ènìyàn níyè, a ti ń wá ẹni tó sà á sí i nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí àwọn aláìsàn ń ròyìn: wọ́n ń gbàgbé orúkọ ohun tó wà níwájú wọn, wọn kì í lè tẹ̀ lé ọ̀rọ̀ gígùn dé ìparí, ìpinnu kékeré sì ń gba àkókò lọ́wọ́ wọn. “Iyè” gba gbogbo rẹ̀. Òògùn ìsọ̀yè ni àwọn baba wa ń lò kí ohun tí wọ́n kọ́ má baà lọ. Ẹni tó ń tẹ́tí sílẹ̀ ń fiyè sí i. Ẹni tí kò lè pinnu ń ṣiyè méjì. Kí ló tún kù?

Bí wọ́n ṣe wọ̀n ọ́n náà gbè mí. Nígbà tí wọ́n dán EXCAP wò lára àwọn aláìsàn tó lé ní 600, ìwé ìbéèrè ni aláìsàn fúnra rẹ̀ fi ń sọ bí iyè òun ṣe ń ṣiṣẹ́. Àǹfààní tí ìdárayá ṣe fún iyè hàn lára àwọn tó ń gba kẹ́mò ní ọ̀sẹ̀ 2-2, kò hàn lára àwọn tó ń gbà á ní ọ̀sẹ̀ 3-3 tàbí 4-4. Nítorí náà, kí ìwé wa sọ pé ìdárayá “lè ran iyè lọ́wọ́”, kí ó má ṣe sọ pé ó ń wò ó sàn.

Mo gbà pé àléébù tí mo rí lára “jẹ́jẹ́” wà lára “iyè” pẹ̀lú: bí àmì bá bọ́, ó di “iye” tí a fi ń ka owó, àwọn ọmọ ìjọ yóò sì kà á sí “ìyè”. “Iyè inú” kò lè gbà wá, nítorí ohun tí ọkàn ń sọ fúnni láìrí i ni ìyẹn. Àbá mi ni pé kí àkọlé, tí wọn yóò máa fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp láìlámì, jẹ́ “Ìdárayá oníwọ̀nba, ìrántí àti ìfiyèsí”, kí a fi “iyè” sínú ìwé gan-an, níbi tí àmì yóò ti pé.