Láti Iléṣà sí Àbújá: pápákọ̀ òfurufú wo ló yá jù?

Ọmọ Ọbòkun: Ẹ kú iṣẹ́ o. Èkó sí Àbújá jẹ́ kìlómítà 511. Bí bàálù bá ń sá 750 ní wákàtí kan, ìṣẹ́jú 41 ni. Kí ló dé tí tíkẹ́ẹ̀tì ń kọ wákàtí kan àti ìṣẹ́jú 15? Àbí kí n gba Àkúrẹ́?

Ará Mọ̀ọ́rẹ̀: Ìlà tààrà orí máàpù ni 511 yẹn. Àkókò orí tíkẹ́ẹ̀tì bẹ̀rẹ̀ látìgbà tí bàálù bá ti kúrò níbi tí wọ́n gbé e sí, títí yóò fi dúró pátá ní Àbújá. Yóò rìn lórí ilẹ̀, yóò tò, yóò gòkè díẹ̀díẹ̀. Tó bá ń bọ̀ nílẹ̀, ó lè yí ká kó lè kọjú sí afẹ́fẹ́. Ẹ fi bíi ìṣẹ́jú 30 sí 35 kún ìṣirò yín. Tí ẹ bá rí 276 níbòmíràn, máìlì orí omi nìyẹn. Ẹ fi 1.852 sọ ọ́ di púpọ̀ kó lè di kìlómítà.

Ìyá Ìbejì: Àkúrẹ́ sún mọ́ yín ju Èkó lọ, bíi kìlómítà 290 sì ni láti ibẹ̀ dé Àbújá lófuurufú. Ìbàdàn ńkọ́? Bíi 405 ni, ẹ ó sì kọ́kọ́ gba Ifẹ̀ kọjá. Ṣùgbọ́n bàálù Àkúrẹ́ kò pọ̀: tí wọ́n bá fagi lé e, ó lè di ọjọ́ kejì. Nígbà ọyẹ́, ẹ má mú ti àárọ̀ kùtù. Eruku kì í jẹ́ kí awakọ̀ rí ọ̀nà.

Ọmọ Ọbòkun: Ẹ ṣé gan-an. Àkúrẹ́ ni, ti ọ̀sán.