Ìmọ̀ràn lórí fífi machine learning (kíkọ́ kọ̀ǹpútà láti inú dátà) wo ọjọ́ iwájú ìpín àwọn ilé-iṣẹ́ lórí NGX, ọjà ìpín Nàìjíríà

Akẹ́kọ̀ọ́ Dátà: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Mo ti kó iye owó ìpín àwọn ilé-iṣẹ́ tó wà lórí NGX jọ láti ọdún 2015, pẹ̀lú èrè tí wọ́n ń jẹ lọ́dọọdún, mo sì fẹ́ kí kọ̀ǹpútà máa fi sọ èyí tí yóò gbówó lórí láàárín oṣù mẹ́ta. Módẹ́ẹ̀lì wo, ìyẹn ọ̀nà ìṣirò tí kọ̀ǹpútà fi ń kọ́ nǹkan, ni ẹ rò pé ó yẹ kí n lò? Àwọn kan ní LSTM ni, èyí tó máa ń kọ́ láti inú nǹkan tó ń tẹ̀léra wọn.

Ọmọ Marina: Ẹ fi LSTM sílẹ̀ ná. Bí ìpín tí wọ́n tà lóòjọ́ kò bá tó iye tí òfin ọjà là sílẹ̀, owó rẹ̀ kì í yí padà, ìdí nìyẹn tí ìpín àwọn ilé-iṣẹ́ kéékèèké fi ń dúró sójú kan fún ìgbà pípẹ́. Bí ẹ bá kó wọn mọ́ Dangote Cement àti MTN Nigeria, kọ̀ǹpútà yóò kàn máa tún iye àná pè, yóò sì gba máàkì ńlá fún un. Ẹ kọ́kọ́ gbà pé iye òní náà ni yóò jẹ́ ní oṣù mẹ́ta sí i. Módẹ́ẹ̀lì tí kò bá borí ìyẹn, ẹ dà á nù.

Ìyá Oníṣirò: Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ọjọ́ tí o kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn èrè wọ̀nyẹn ló ń kọ mí lóminú, ọmọ mi. Ìwé ìṣirò ọdún tó parí ní 31 Oṣù Kejìlá kì í jáde lọ́jọ́ náà. 90 ọjọ́ ni NGX fún ilé-iṣẹ́ láti gbé èyí tí àwọn aṣàyẹ̀wò ti fọwọ́ sí jáde, àwọn mìíràn sì ń pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí o bá kọ èrè 2022 sí Oṣù Kínní 2023, o ti fi ohun tí ọjà kò tíì mọ̀ han kọ̀ǹpútà, gbogbo àbájáde dáradára tí o bá rí lẹ́yìn náà, irọ́ ni. Ọjọ́ tí ìwé jáde ni kí o lò. Má sì da ọdún pọ̀ mọ́ra: fi ọdún tó ṣáájú kọ́ kọ̀ǹpútà, fi èyí tó tẹ̀lé e dán an wò. Rí i dájú pé 2023 wà nínú ìdánwò, torí pé nígbà tí CBN, báńkì àpapọ̀ Nàìjíríà, tú náírà sílẹ̀ kí ọjà máa pinnu iye rẹ̀ ní Oṣù Kẹfà, àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá bíi MTN Nigeria àti Nestlé Nigeria kọ àdánù sílẹ̀ lọ́dún náà nítorí gbèsè dọ́là.

Akẹ́kọ̀ọ́ Dátà: Ẹ ṣé, mà. Ṣé kí n yọ àwọn ilé-iṣẹ́ tí kò sí lórí NGX mọ́ kúrò nínú dátà náà?

Ọmọ Marina: Rárá o. Diamond Bank kúrò ní 2019 nígbà tí ó wọnú Access Bank. Bí ẹ bá yọ irú wọn, kọ̀ǹpútà yóò rò pé gbogbo ilé-iṣẹ́ ló ń là á já. Ní ti módẹ́ẹ̀lì, XGBoost, tó ń pa ọ̀pọ̀ igi ìpinnu kéékèèké pọ̀, tó fún ìbẹ̀rẹ̀.