Abẹ́rẹ́ tí mo gbà nínú oyún nítorí èémí ọmọ

Ìgbà òtútù ọdún 2022 ni mo bí àkọ́bí mi nílùú London, kò sì pẹ́ tí àrùn RSV, tí kòkòrò fáírọ́ọ̀sì kan ń fà nínú ọ̀nà èémí, fi kọlù ú. Ọ̀fìnkìn lásán ni a kọ́kọ́ pè é. Nígbà tó yá, ihò imú rẹ̀ ń fẹ̀ bó bá ti ń mí, awọ àárín egungun ìhà rẹ̀ ń wọnú, bí mo bá sì fi ọmú sí i lẹ́nu, á fà á díẹ̀, á sì jù ú sílẹ̀ kó lè rí èémí mí. Ilé ìwòsàn la sùn, pẹ̀lú ọ́síjìn nímú rẹ̀.

Nígbà tí mo fi máa lóyún èkejì, wọ́n ti ń fún àwọn aboyún ilẹ̀ England ní abẹ́rẹ́ àjẹsára RSV, láti 1 oṣù kẹsàn-án ọdún 2024, bí oyún bá ti pé ọ̀sẹ̀ 28. Màámi, tí wọ́n ti Ìbàdàn wá bá mi, béèrè ìdí tí wọ́n fi ń gún ìyá nítorí àìsàn ọmọ. Agbẹ̀bí mi rán wọn létí abẹ́rẹ́ tẹ́tánọ́ọ̀sì tí àwọn náà gbà nígbà tí wọ́n lóyún mi: ara ìyá ló ń ṣe èròjà tó ń gbógun ti àrùn, ibi ọmọ á sì gbé e kọjá sínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ. Ìparí oyún ni èyí tó pọ̀ jù ń kọjá, ìdí nìyẹn tí ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé fi ń rí díẹ̀ gbà.

Nínú ìwádìí tí wọ́n ṣe kí wọ́n tó fọwọ́ sí abẹ́rẹ́ náà, ó dín RSV tó le gan-an kù ní nǹkan bí ìdá 82 nínú ọgọ́rùn-ún láàárín 90 ọjọ́ àkọ́kọ́ lẹ́yìn tí wọ́n bí ọmọ. Nígbà tó fi di oṣù mẹ́fà, ó jẹ́ bí ìdá 69. Ó ń dín kù nítorí pé ara ọmọ kọ́ ló ṣe èròjà náà. Síbẹ̀, oṣù àkọ́kọ́ wọ̀nyẹn gan-an ni ọ̀nà èémí ọmọ há jù, èyí ló sì mú kí n gbà á láìṣiyèméjì.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gbé ikọ́ bọ̀ láti jẹ́lé-ó-sinmi, àbúrò náà sì kó o. Ó wúkọ́, ṣùgbọ́n ó ń mu ọmú yó. N kò ní fi ọmọ kan ṣe ẹ̀rí, àmọ́ mo dúpẹ́. Agbẹ̀bí ní bí mo bá tún lóyún, wọn yóò tún gún mi, torí pé oyún kọ̀ọ̀kan ló ní tirẹ̀.