Iṣẹ́ mi ń lọ dáadáa, ṣùgbọ́n orúkọ mi kò jáde: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ìbéèrè láti ọ̀dọ̀ Akọ̀wé Owó, Ṣágámù

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, mo kí yín o. Yunifásítì Ọlábísí Ọnàbánjọ ní Àgọ́-Ìwòyè ni mo ti kàwé ìṣirò owó, mo sì ń ṣiṣẹ́ báyìí ní ẹ̀ka ìṣirò owó ilé iṣẹ́ kan lójú ọ̀nà tí ó lọ láti Ṣágámù sí Ìkòròdú. Èmi ni mò ń tọ́jú àkọsílẹ̀ dísù tí jẹnẹrétọ̀ ń jẹ, owó ọkọ̀ akẹ́rù, àti rìsíìtì àwọn tí ń kó ọjà wá fún wa. Láìpẹ́ yìí, mo ṣàkíyèsí pé dísù tí wọ́n kọ sílẹ̀ fún jẹnẹrétọ̀ kejì pọ̀ ju èyí tí ó lè jẹ láàárín wákàtí tí ó fi ṣiṣẹ́. Mo kọ ọ́ sínú ímeèlì sí ọ̀gá mi, n kò rí èsì. Nígbà tí ó yá, arákùnrin kan tí a jọ wà ní ẹ̀ka kan náà, tí mo ti ṣàlàyé ọ̀rọ̀ náà fún nídìí oúnjẹ ọ̀san, dìde ní ìpàdé, ó sọ ọ́ ní ṣókí, gbogbo wọn sì yìn ín. Nígbà tí àyè ìgbéga ṣí sílẹ̀, òun ni wọ́n fún.

N kò bá a jà, n kò sì fẹ́ kí ẹ bá mi bú u. Wọ́n tọ́ mi dàgbà ní Ìkẹ́nnẹ́ pé ọmọ tí ó ní ẹ̀kọ́ kì í dá ọ̀rọ̀ sọ níwájú àgbà láìjẹ́ pé wọ́n bi í, ọ̀nà yẹn ni mo sì ń tọ̀ lẹ́nu iṣẹ́. Báwo ni ènìyàn ṣe ń di ẹni tí wọ́n mọ̀ láìdi ẹni tí ń pọ́n ọ̀gá kiri? Ṣé òótọ́ sì ni pé ẹni tí kò bá ní ẹsẹ̀ gígùn, kí ó má wulẹ̀ da ara rẹ̀ láàmú?

Èsì láti ọ̀dọ̀ Ọmọ Òdogbolú

Arábìnrin, òótọ́ pọ́ńbélé ni. Ẹ wá ẹni tí ó mọ ọ̀gá àgbà yín, kí ó bá yín sọ̀rọ̀. Gbogbo ohun yòókù tí wọn yóò sọ fún yín níbí, ọ̀rọ̀ ìwé ni. Mo ti rí ẹni tí kò mọ ìṣirò rárá tí wọ́n fi ṣe olórí àwọn oníṣirò.

Èsì láti ọ̀dọ̀ Ìyá Alóbì, Sábó Ṣágámù

Ọmọ Òdogbolú, irú èyí tí o rí yẹn wà lóòótọ́, n kò ní jiyàn. Ṣùgbọ́n bi ara rẹ léèrè bóyá ẹni náà ṣì wà lórí àga náà lónìí.

Ọmọ mi Akọ̀wé, n kò jókòó sí ọ́fíìsì rí, obì gbàǹja ni mò ń tà. Mò ń kó o láti oko wa ní Rẹ́mọ, àwọn oníṣòwò Hausa sì ń kó o lọ sí Òkè Ọya. Ẹni tí ó bá mọ iṣẹ́ obì mọ̀ pé kòkòrò ni ọ̀tá wa: o lè di àpò dáadáa lónìí, kí ó tó dé Kánò kí ó ti di ihò wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Ohun tí ó mú kí orúkọ mi dé etí àwọn tí n kò fojú rí rí ni pé mo máa ń pe oníbàárà kí ọkọ̀ tó gbéra. N óò sọ fún un pé, "Àpò mẹ́wàá ni o béèrè, mẹ́jọ ló dá mi lójú. Ṣé kí n di mẹ́jọ, àbí kí o dúró de èyí tí à ń ṣà lọ́wọ́?" Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Òun náà yóò sọ fún ẹlòmíràn pé ìyá kan wà ní Ṣágámù tí kì í fi ọ̀rọ̀ pamọ́. Ìkíni Hausa díẹ̀ tí mo kọ́ náà ràn mí lọ́wọ́, nítorí pé ẹni tí o kí ní èdè rẹ̀ yóò kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín kí ó tó dúnàá dúrà.

Ìwọ ti rí kòkòrò nínú àpò ilé iṣẹ́ yín. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ni pé ẹni tí ó yẹ kí ó gbọ́ kò gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ.

Èsì láti ọ̀dọ̀ Olùkọ́, Ìlíṣàn

Mo gbà pẹ̀lú Ìyá Alóbì, mo sì fẹ́ fi ohun tí àwọn onímọ̀ ti ṣe ìwádìí rẹ̀ kún un, nítorí pé ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ gígùn yìí ti mú kí ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ máa rò pé ẹbí tàbí ọ̀rẹ́ tímọ́tímọ́ nìkan ló lè ran ènìyàn lọ́wọ́. Ní 1973, Mark Granovetter, onímọ̀ ìbágbépọ̀ ẹ̀dá ní Amẹ́ríkà, tẹ ìwádìí kan jáde nípa àwọn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pààrọ̀ iṣẹ́ nítòsí Boston. Ó béèrè lọ́wọ́ àwọn tí wọ́n gbọ́ nípa iṣẹ́ náà láti ẹnu ẹnì kan pé báwo ni wọ́n ṣe ń rí ẹni náà sí ní àkókò yẹn. Nǹkan bí 17 péré nínú 100 ló sọ pé àwọn ń rí i déédéé. Nǹkan bí 56 ń rí i lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. 28 sì wà tí wọn kì í sábà rí i rárá. Ìdí rẹ̀ kò ṣòro láti mọ̀: ohun tí ọ̀rẹ́ rẹ tímọ́tímọ́ gbọ́, ìwọ náà ti gbọ́ ọ, nítorí pé ibì kan náà ni ẹ jọ ń lọ. Ojúlùmọ̀ tí ń gbé àdúgbò mìíràn, tí ń ṣe iṣẹ́ mìíràn, òun ni ìròyìn tuntun máa ń wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ní 2022, àwọn onímọ̀ mìíràn tẹ ìwádìí jáde nínú ìwé ìròyìn Science lórí àwọn ènìyàn tí ó lé ní mílíọ̀nù 20 tí ń lo LinkedIn, ìkànnì ayélujára tí àwọn òṣìṣẹ́ ti ń mọ ara wọn; ọdún 5 ni wọ́n fi ṣe ìwádìí náà. Wọ́n rí i pé ojúlùmọ̀ tí kò súnmọ́ni jù, tí kò sì jìnnà jù, ló ń mú kí ènìyàn rí iṣẹ́ tuntun jù lọ. Ṣùgbọ́n wọ́n tún rí i pé níbi iṣẹ́ tí kò fi bẹ́ẹ̀ gbára lé ẹ̀rọ ayélujára, àwọn tí ó súnmọ́ni tún wúlò dáadáa. Nítorí náà, ní ilé iṣẹ́ bíi tiyín, ẹ má ṣe fojú kéré oníṣẹ́ iná àti ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà tí ẹ jọ ń rí lójoojúmọ́.

Àwa Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ kò tún yẹ kí a máa wá àpẹẹrẹ lọ sí òkè òkun. Ẹ wo régbẹ́régbẹ́, ìyẹn àwọn ẹgbẹ́ tí ọjọ́ orí wọn súnmọ́ra, níbi ayẹyẹ Ojúde Ọba, ní ọjọ́ kẹta Iléyá ní Ìjẹ̀bú-Òde. Aṣọ àti ẹṣin ni àwọn ayàwòrán máa ń tẹ̀ lé, ẹ̀tọ́ wọn sì ni. Ohun tí ó máa ń wù mí ni pé ọjọ́ orí ló kó àwọn tí ó wà nínú ìlà kan jọ, kì í ṣe iṣẹ́ ọwọ́ wọn: agbẹjọ́rò á wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni tí ń ta táyà, oníbáńkì á wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ nọ́ọ̀sì tí ó ti Lọ́ńdọ̀n wá. Wọ́n ń ṣèpàdé, wọ́n ń dáwó, wọ́n sì mọ irú iṣẹ́ tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ń ṣe. Ojúlùmọ̀ tí Granovetter ń sọ gan-an nìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó wọ ẹgbẹ́ tí kò sọ ohun tí ó ń ṣe fún ẹnikẹ́ni, aṣọ nìkan ló rà.

Èsì láti ọ̀dọ̀ Ọ̀gá Òṣìṣẹ́ tí ó ti fẹ̀yìn tì, Ìjẹ̀bú-Òde

Kí n tó sọ ohunkóhun, mo fẹ́ kí arábìnrin wa fi ímeèlì tí ó kọ sí ọ̀gá rẹ̀ hàn wá, kí ó yọ orúkọ ènìyàn àti ti ilé iṣẹ́ kúrò.

Akọ̀wé Owó dáhùn

Ẹ ṣeun, sà. Àkọlé rẹ̀ ni "Ìkíni". Ohun tí mo kọ ni pé: "Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Mo lérò pé ara yín le. Bí mo ṣe ń wo ìwé oṣù tí ó kọjá, mo rí àwọn nǹkan kan nípa dísù tí kò fi bẹ́ẹ̀ yé mi. Ó lè jẹ́ pé èmi ni n kò kà á dáadáa, ṣùgbọ́n bí ẹ bá ráyè, ẹ lè bá mi wò ó. Ẹ ṣeun, sà."

Ọ̀gá Òṣìṣẹ́ tí ó ti fẹ̀yìn tì

Mo rò bẹ́ẹ̀. Ọ̀gá tí ó ń gba ọgọ́rùn-ún ímeèlì kò ní ṣí èyí tí àkọlé rẹ̀ jẹ́ "Ìkíni", bí ó bá sì ṣí i, kò sí ohun tí ó ní kí ó ṣe níbẹ̀. Ẹ ti sọ fún un pé ó lè jẹ́ àṣìṣe yín, ó sì gbà yín gbọ́. Ẹ jẹ́ kí a tún un kọ. Iye tí mo fi sí i kò ju àpẹẹrẹ lọ, ẹ fi tiyín rọ́pò rẹ̀.

"Àkọlé: Dísù jẹnẹrétọ̀ kejì fi lítà 400 ju bí ó ti yẹ lọ ní oṣù tí ó kọjá.

Ẹ kú iṣẹ́, sà. Lítà 2,400 ni a kọ sílẹ̀ fún jẹnẹrétọ̀ kejì. Wákàtí 100 ni ó fi ṣiṣẹ́, lítà 20 ni ó sì ń jẹ ní wákàtí kan, nítorí náà kò yẹ kí ó ju 2,000 lọ. Àkọsílẹ̀ náà wà pẹ̀lú ímeèlì yìí. Mo dábàá pé kí oníṣẹ́ iná àti ẹ̀ṣọ́ jọ máa fọwọ́ sí ìwé nígbàkúùgbà tí a bá ń bu dísù. Ṣé ẹ lè fún mi ní ìṣẹ́jú 10 ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun?"

Ẹ rí i pé ìkíni ṣì wà níbẹ̀, "sà" náà kò kúrò. Ohun tí ó yí padà ni pé iye wà, ẹ̀rí wà, àbá wà, ọjọ́ sì wà. Ní ti ìpàdé, ẹ má dúró kí wọ́n tó bi yín. Ẹ lọ bá ẹni tí ń darí ìpàdé ní ọjọ́ tí ó ṣáájú, kí ẹ bẹ̀ ẹ́ pé kí ó fi ọ̀rọ̀ yín sí ètò. Nígbà náà, òun ni yóò pè yín, ẹ̀kọ́ tí wọ́n kọ́ yín ní Ìkẹ́nnẹ́ kò sì ní bà jẹ́. Bí ọ̀rọ̀ bá ṣàdédé bọ́ sílẹ̀, "Ẹ jọ̀wọ́, sà, ẹ jẹ́ kí n fi iye kan kún un" ti tó. N kò mọ àgbà kan tí ó bínú sí ọmọ tí ó bá a rí owó tí ń jò.

Ní ti ẹni tí ẹ bá sọ̀rọ̀ nídìí oúnjẹ, n kò ní kí ẹ máa sá fún un. Ẹ kàn máa kọ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí ọ̀gá kí ẹ tó máa fi ṣe ìtàkúrọ̀sọ.

Akọ̀wé Owó dáhùn

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Ìyá Alóbì, ẹ ṣé gan-an, mà. Ó ku ìbéèrè kan. Mò ń ṣe ìdánwò ICAN, ẹgbẹ́ àwọn oníṣirò owó ní Nàìjíríà, lọ́wọ́, wọ́n sì sọ fún mi pé kí n máa lọ sí ìpàdé àwọn oníṣirò owó. Kí ni mo fẹ́ sọ fún ẹni tí n kò mọ̀ rí níbẹ̀, kí ó má dà bíi pé iṣẹ́ ni mò ń tọrọ?

Èsì láti ọ̀dọ̀ Aṣàyẹ̀wò Owó, Ìjẹ̀bú-Igbó

Àbúrò, òótọ́ ni wọ́n sọ fún ọ. Láti 1965 tí òfin ti dá ICAN sílẹ̀, iṣẹ́ wa ti di iṣẹ́ ẹlẹ́gbẹ́, ICAN sì ní àwọn ẹgbẹ́ àgbègbè tí a ti ń pàdé. Béèrè èyí tí ó súnmọ́ ọ àti ètò tí wọ́n gba akẹ́kọ̀ọ́ sí. Tètè dé, nítorí pé kí ìpàdé tó bẹ̀rẹ̀ ni ènìyàn máa ń ráyè sọ̀rọ̀. Kí àgbà bí ó ti yẹ, sọ orúkọ rẹ àti ohun kan pàtó tí ò ń ṣe, bíi "Èmi ni mò ń yẹ ìwé dísù àti ọkọ̀ akẹ́rù wò ní ilé iṣẹ́ wa", kí o wá béèrè ohun tí ó jẹ mọ́ iṣẹ́ tirẹ̀. Ẹni tí o béèrè ìmọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ kò ní rò pé iṣẹ́ ni ò ń tọrọ.

Bí ó bá fún ọ ní nọ́ńbà, fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ ní ọjọ́ kejì: dúpẹ́, rán an létí ibi tí ẹ ti pàdé, kí o sì sọ ohun tí o fi ìmọ̀ràn rẹ̀ ṣe. Bí kò bá dáhùn, má pè é léraléra. Dúró títí ìwọ yóò fi ní ohun tí yóò wúlò fún un, bí àyípadà nínú òfin owó orí tàbí ìkéde ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kan, kí o fi ránṣẹ́ láìtọrọ nǹkan kan. Àwọn mìíràn kò ní dáhùn títí láé. Fi wọ́n sílẹ̀, kí o bá ẹni tí ó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ kejì sọ̀rọ̀.