Ta ló ti gbọ́ rédíò Tejano, ti àwọn ará Texas tó jẹ́ ìran Mexico, rí? Ẹ sọ tiyín

Ẹ̀yin ará wa ní Texas, ẹ kú ìkàlẹ̀. Tèmi rèé.

Ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ni mo ti kọ́kọ́ ríṣẹ́ ní San Antonio. Bàbá kan wà lọ́wọ́ mi níbẹ̀, Texas ni wọ́n bí i sí, àmọ́ Mexico ni àwọn òbí rẹ̀ ti wá. Bí rédíò rẹ̀ ò bá tíì máa dún, kò ní fọwọ́ kan oúnjẹ. KEDA 1540 AM ni. Radio Jalapeño ni wọ́n ń pe ara wọn, orúkọ ata. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ gbọ́ àkọ́díọ́nì inú orin yẹn, I.K. Dairo ló wá sí mi lọ́kàn. Bàbá ní àwọn ará Jámánì àti Czech tó wá tẹ̀dó sí Texas ló gbé àkọ́díọ́nì àti ijó polka dé, àwọn èèyàn òun wá fi bajo sexto, gìtá olókùn 12, kún un.

Ọ̀rọ̀ rédíò fúnra rẹ̀ ló wọ̀ mí lára jù. Láyé ìgbà tí bàbá wà lọ́mọdé, ẹni tó bá fẹ́ sọ èdè Sípéènì lórí afẹ́fẹ́ á lọ ra wákàtí lọ́wọ́ àwọn Òyìnbó, ìdájí tàbí òru tí wọn ò rí tà, á sì máa wá olówó ìpolówó kiri fúnra rẹ̀. Ọkùnrin kan, Raoul Cortez, náà ra wákàtí bẹ́ẹ̀ ní rédíò KMAC. Ní 1944 ó tọrọ ìwé àṣẹ rédíò tirẹ̀. Ogun ń lọ lọ́wọ́, àṣẹ ò sì rọrùn, ó bá ní rédíò òun á mú kí àwọn èèyàn òun ti ìjọba lẹ́yìn lórí ogun náà. Ẹ ò rí orí pípé! Ní 1946 rédíò tirẹ̀, KCOR, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. KEDA ò dé ọwọ́ ìdílé Dávila títí di 1966. Güero Polkas, ọmọ ìdílé Dávila, ló ń ṣe ètò tí bàbá yẹn fi ń rẹ́rìn-ín títí yóò fi máa wúkọ́. Mi ò gbọ́ Sípéènì, mo kàn ń bá a rẹ́rìn-ín ni. Ìdílé náà ta rédíò náà ní 2011.

*

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun. Takisí ni mò ń wà ní San Antonio lọ́jọ́ tí wọ́n yìnbọn pa Selena, gbajúgbajà olórin Tejano, ní Corpus Christi, 31 oṣù kẹta 1995. KEDA wà lára àwọn tó kọ́kọ́ kéde rẹ̀, àwọn èèyàn sì ń bú wọn pé irọ́ ni, torí ọjọ́ kejì ni April Fool. Obìnrin tí mo gbé ní kí n pa rédíò náà. Nígbà tó yá, ó ní kí n tàn án padà, ó bú sẹ́kún.

*

Èmi ò fẹ́ràn orin náà o, ẹ má bínú. Àmọ́ mẹkáníìkì mi máa ń tẹ rédíò láago pé kí wọ́n bá òun kí ìyàwó òun. Bó bá ti fóònù tán, ẹ gbàgbé mọ́tò yín: kò ní wọ abẹ́ rẹ̀ títí wọn yóò fi dárúkọ ìyàwó náà.