Ìjẹ tàbí ìdẹ? Orúkọ fún ẹja onígi àti àwọn ẹ̀yà ara rẹ̀

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ èdè o.

Ìbéèrè tó wà nílẹ̀ ni pé kí ni ká máa pe ẹja kékeré tí a fi igi, irin tàbí ike ṣe, tí a so ìwọ̀ mọ́, tí a ń jù sódò kí ẹja ńlá lè gbá a mú. Ẹnì kan dábàá "ìjẹ ayédèrú". Ẹlòmíràn ní "ìjẹ àtọwọ́dá" ló bójú mu jù. Ẹ̀gbọ́n wa kan wá ní ká má fi orúkọ da ara wa láàmú, pé kò sí ẹni tó lè ṣe irú nǹkan bẹ́ẹ̀ nílé ní Abẹ́òkúta. Pẹ̀lú ọ̀wọ̀, ẹ̀gbọ́n, gbogbo ohun èlò rẹ̀ ló wà ní ìlú yìí. Mo fẹ́ tẹ̀ lé iṣẹ́ náà láti orí pákó títí dé odò, kí a máa sọ ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan lórúkọ bí a bá ṣe ń bá a pàdé.

Ká kọ́kọ́ mú ayédèrú kúrò. Ayédèrú ni owó tí wọ́n tẹ̀ láìgbàṣẹ, òun ni oògùn tí wọ́n rọ sínú ìgò olóògùn gidi. Ẹni tó ṣe é fẹ́ kí òǹrajà sanwó ojúlówó lórí rẹ̀. Ẹni tó gbẹ́ ẹja onígi kò rẹ́ ẹnikẹ́ni jẹ. Àtọwọ́dá sàn ju ìyẹn lọ, àmọ́ kò yà á sọ́tọ̀: ọwọ́ ènìyàn ló dá àwọ̀n, òun náà ló hun ìgèrè.

Ohun tó ṣì wá lọ́nà jù nínú àbá méjèèjì ni "ìjẹ". Jẹ ló wà nínú ìjẹ: ohun tí ẹja yóò jẹ. Ekòló ni ìjẹ, ìfun adìyẹ ni ìjẹ. Àrọ̀ ń fi irùngbọ̀n rẹ̀ táràrà nínú ẹrẹ̀ lóru, òórùn àti adùn ló fi ń mọ oúnjẹ, ìdí nìyí tí ìjẹ fi ń mú un dáadáa. Igi tí a kùn lọ́dà kò ní òórùn, kò ní adùn. Ojú ni ẹja tó ń dọdẹ fi ń rí i, ó sì tún ń gbọ́ bó ṣe ń mi omi, torí ìlà kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara ẹja, láti ẹ̀yìn orí títí dé ìdí ìrù, tó fi ń mọ̀ pé nǹkan ń rìn nítòsí. Ìdẹ ni èyí. Dẹ tó wà nínú "dẹ pàkúté" àti "dẹ ìgèrè" ló wà níbẹ̀. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ wa ló ń fi ọ̀rọ̀ méjèèjì pe ohun kan náà. Àbá mi ni pé ká pín iṣẹ́ fún wọn: ohun tí ẹja lè jẹ ní tòótọ́, ìjẹ, ohun tí ó kàn ń fà á wá síbi ìwọ̀, ìdẹ. A ti ní orí ọ̀rọ̀ náà nílẹ̀, ohun tí a fi ṣe é ni yóò tẹ̀ lé e: ìdẹ onígi, ìdẹ onírin, ìdẹ oníke, ìdẹ oníyẹ̀ẹ́. Àwọn tó ń bẹ̀rù pé yóò kọlu idẹ, irin pupa tí àwọn alágbẹ̀dẹ ń rọ, àmì ohùn ti yà wọ́n. Ìdẹ tí a fi idẹ ṣe náà wà, ìdẹ onídẹ ni.

Ó yá, iṣẹ́. Ní Amẹ́ríkà àti Yúróòpù, igi bálísà tàbí kédà ni wọ́n ń gbẹ́. Ní ìsọ̀ pákó tiwa, arère ni kẹ́ ẹ bèèrè. Ó fúyẹ́, ọ̀bẹ ń wọ̀ ọ́ láìjà, àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà sì sábà máa ń da àjákù rẹ̀ nù. Ìrókò àti ọ̀gànwó wúwo ju bó ti yẹ lọ: ìdẹ tí a fi wọ́n gbẹ́ kì í fẹ́ léfòó, ara rẹ̀ sì máa ń le gbagidi nínú omi. Àléébù arère ni pé ó tètè ń mu omi, tó bá sì tutù nígbà tí ẹ gé e, yóò sún kì, yóò fa ọ̀dà ya. Kó gbẹ dáadáa kí ẹ tó fọwọ́ kàn án.

Ẹ gé e ní gígùn sẹ̀ǹtímítà 8, gíga sẹ̀ǹtímítà 2, fífẹ̀ sẹ̀ǹtímítà 1.5. Ẹ fa ìlà àárín yí gbogbo ara rẹ̀ ká, lókè, nísàlẹ̀, níwájú àti lẹ́yìn. Ẹ ya àwòrán ẹja sórí páálí, ẹ gé e, kí ẹ fi tẹ àwòrán kan náà sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Má tíì gbẹ́ nǹkan kan. Ihò tí àgbọ̀n yóò wọ̀ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fi ayùn irin là, nígbà tí igi ṣì ní igun mẹ́rin. Ẹni tó bá gbẹ́ ara rẹ̀ róbótó kó tó là á, ayùn kò ní rí ibi gbára lé, ihò náà yóò wọ́, ìdẹ náà yóò sì máa yí dojú délẹ̀ nínú omi. Níbi yìí ni iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀ ti ń bàjẹ́, ẹ̀yìn ọjọ́ mẹ́ta tí ọ̀dà bá gbẹ tán ni wọ́n tó mọ̀. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti là á ni kẹ́ ẹ wá fi ọ̀bẹ gbẹ́ ara rẹ̀ tẹ̀ lé àwòrán náà.

Mo pe nǹkan kan ní àgbọ̀n, ẹ jẹ́ kí n gbèjà rẹ̀. Ike pẹlẹbẹ tó yọ síta lábẹ́ imú ìdẹ ni, òun ló ń mú kí ìdẹ rì nígbà tí a bá ń fà á. Ẹnì kan ti kọ "ètè" sílẹ̀ fún un, torí pé bẹ́ẹ̀ làwọn òyìnbó ṣe ń pè é. Ètè jẹ́ méjì, ó ń ṣí, ó ń pa dé. Èyí jẹ́ ọ̀kan ṣoṣo, ó dúró gbọn-in, abẹ́ ẹnu ló wà, ó sì yọ síwájú. Kò sí ọmọ Yorùbá tó máa rí i tí kò ní sọ pé àgbọ̀n ni. "Ìdẹ alágbọ̀n" yóò sì yàtọ̀ sí èyí tí kò ní.

Síídì àtijọ́ ni kẹ́ ẹ fi ṣe é. Nínípọn síídì jẹ́ mílímítà 1.2, ike rẹ̀ sì le, ó mọ́ gaara. Ẹ fi ọ̀bẹ ha ojú rẹ̀ tó ń dán, ẹ lẹ sẹ́lótéèpù mọ́ ọn, kí ẹ fà á ya kúrò. Sísọ́ọ̀sì máa ń fọ́ ọ sí wẹ́wẹ́, ayùn tẹ́ẹ́rẹ́ ni kẹ́ ẹ lò. Fífẹ̀ mílímítà 15, kó yọ síta ní mílímítà 14, ó tó fún ara tó jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 7 lẹ́yìn gbígbẹ́. Bó bá nà síwájú, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ara dọ́gba, ìdẹ yóò rì jìn. Bó bá sún mọ́ kó dúró ṣánṣán, ìdẹ kò ní jìnnà sí ojú omi, yóò sì máa mì gan-an. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ìdajì ọ̀nà, ìyẹn díígírì 45.

Wáyà. Orúkọ ti wà lẹ́nu ọjà, kò sí ohun tí a fẹ́ dá síbẹ̀, gẹ́gẹ́ bí gúlù àti sáńpépà. Èyí tí kì í dípẹtà ni kẹ́ ẹ rà, nínípọn mílímítà 0.8 sí 1. Èyí tí àwọn bíríkìlà fi ń so irin rọ̀ jù, ó sì ń dípẹtà. Ẹ fi ayùn irin là ikùn ìdẹ láti imú dé ìdí, kí ẹ tẹ́ wáyà náà sínú rẹ̀, kó yọ síta níbi mẹ́ta: imú tí okùn yóò so mọ́, ikùn àti ìdí tí ìwọ̀ yóò rọ̀ sí. Àwọn kan pe ibi mẹ́ta yìí ní "ojú". Ìdẹ ti ní ojú tirẹ̀ tí a máa kùn sí i lórí, a ò lè ní ojú márùn-ún lára ẹja kan. Ojóbó ni mo dábàá: ojóbó imú, ojóbó ikùn, ojóbó ìdí. Ẹ fi ẹ̀mú yí i mọ́ ara ìṣó, kó lè rí róbótó. Òrùka sì wà fún irin kékeré tó ń so ìwọ̀ mọ́ ojóbó.

Òjé ikùn ló ń jẹ́ kí ìdẹ dúró lórí ikùn rẹ̀. Gíráàmù 2 sí 3 ti tó, kó sì wà níwájú àárín díẹ̀. Ẹ gé e lára òjé tí wọ́n fi ń mú kí àwọ̀n rì, ẹ fi òòlù lù ú wọ ihò tó fẹ̀ tó mílímítà 6. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má yọ́ òjé lórí ààrò ilé. Májèlé ni èéfín rẹ̀ àti eruku rẹ̀, òjé ló pa ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọmọdé ní Zamfara ní ọdún 2010 nígbà tí wọ́n ń fọ́ òkúta wúrà láàárín ilé. Ẹ fọ ọwọ́ kẹ́ ẹ tó jẹun. Kí ẹ tó lẹ òjé náà pa, ẹ fi síílà, ìyẹn ohun tí àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà ń kùn kí omi má baà wọ igi, kun igi lẹ́ẹ̀kan, ẹ so gbogbo ìwọ̀ mọ́ ọn, ẹ fi sẹ́lótéèpù mú òjé mọ́ ikùn, kí ẹ jù ú sínú bókẹ́ẹ̀tì. Ẹ̀yìn ni kó yọ síta, ikùn ni kó wà nísàlẹ̀. Bó bá dùbúlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́, òjé kò tó. Bó bá gbórí sókè bíi pé ó fẹ́ fò, ẹ sún òjé síwájú.

Lẹ́yìn èyí, síílà àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan gbẹ, kẹ́ ẹ sì fi sáńpépà 240 ra á. Ọ̀dà funfun ló kàn, kí àwọ̀ tó kù lè mọ́lẹ̀ lórí rẹ̀. Ìpẹ́ ló rọrùn jù láti yà: ẹ na àpò àwọ̀n tí wọ́n ń kó àlùbọ́sà sí mọ́ ara ìdẹ, ẹ fi fóòmù tẹ ọ̀dà dúdú sí ẹ̀yìn rẹ̀, kí ẹ ṣí àwọ̀n náà kúrò. Ibi tí fọ́nrán bò kò ní gba ọ̀dà, bí ẹ̀kọ láfún tí àwọn aládìrẹ Ìtòkú fi ń ya aṣọ kò ṣe ní jẹ́ kí aró mu aṣọ. Ẹ̀yìn dúdú, ikùn fẹ́ẹ́rẹ́. Nígbà òjò tí Odò Ògùn bá pọ́n bí ẹrẹ̀, àwọ̀ ìyeyè àti dúdú ló ń hàn. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tí omi bá mọ́, ẹ kùn ún bí ẹja gidi.

Ìbora ìkẹyìn ni gúlù alápòpọ̀ (epoxy), tó máa ń wà ní ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ méjì tí ẹ óò pò pọ̀ dọ́gbadọ́gba. Ẹ fi sírínjì wọ̀n ọ́n, mílílítà 2 sí mílílítà 2. Ẹni tó bá fi ojú wọ̀n ọ́n, ara ìdẹ rẹ̀ lè máa lẹ̀ mọ́ọ̀yàn lọ́wọ́ títí láé. Irú èyí tó ń gbẹ láàárín ìṣẹ́jú 5 kò dára, yóò le kó tó tẹ́jú. Ẹ máa yí ìdẹ díẹ̀díẹ̀ fún wákàtí bíi 2 tàbí 3 kó má baà ṣàn jọ sí ikùn. Ọ̀rinrin ọjọ́ òjò máa ń jẹ́ kó fun bí omi ìrẹsì, ọjọ́ tó bá gbẹ ni kẹ́ ẹ dúró dè.

Ìwọ̀ tí a ń lò jẹ́ orí ẹyọ ọ̀pá kan, tó ní ṣónṣó mẹ́ta. "Ìwọ̀ mẹ́ta" kò lè jẹ́ orúkọ rẹ̀, torí ìwọ̀ mẹ́ta lè jẹ́ mẹ́ta nínú páálí. A ní ẹnu ọ̀bẹ, a ní ẹnu àdá, kí èyí jẹ́ ìwọ̀ ẹlẹ́nu mẹ́ta. Nọ́ńbà 6 ló bá ara sẹ̀ǹtímítà 7 mu. Ẹ rí i pé ti ikùn kò lè kan ti ìdí, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ wọn yóò máa kọ́ra.

Ibi tó dùn jù fún èmi ni orúkọ ìrìn. Èdè wa lọ́rọ̀ níbi yìí, mi ò sì rí ìdí tí ẹnì kan fi kọ "ìmira-sí-ọ̀tún-àti-òsì" ránṣẹ́. Ajá ń jùrù, ìdẹ alágbọ̀n náà ń jùrù: ìdí rẹ̀ ń lọ sọ́tùn-ún sósì bí omi ṣe ń ti àgbọ̀n rẹ̀. Ìjùrù nìyẹn. Èyí tó ń mì kíákíá débi tí ọwọ́ ẹni ń mọ̀ ọ́n lára ọ̀pá, ó ń gbọ̀n rìrì, ìgbọ̀nrìrì. Ewé irin tó ń pòyì mọ́ ara wáyà, bírí ló ń yí, ìyíbírí. Tí àpèjúwe bá sọ pé "ìdẹ onígi alágbọ̀n, ó léfòó, ìjùrù rẹ̀ fẹ̀", ẹni tó mọ iṣẹ́ náà ti mọ ohun tó máa rà àti ibi tó máa jù ú sí.

Ẹ dán an wò ní etí omi tó dákẹ́, kì í ṣe lójú ìṣàn abẹ́ afárá Láfẹ́nwá. Ẹ fà á bọ̀ tààrà. Bó bá ń yà sápá ọ̀tún yín, ẹ kọ imú ìdẹ sí ara yín, kí ẹ fi ẹ̀mú tẹ ojóbó imú sápá òsì yín, díẹ̀ gan-an, kí ẹ tún un jù. Bó bá ń yà sósì, òdìkejì rẹ̀. Bí títẹ̀ kò bá tún un ṣe, àgbọ̀n ló wọ́, ẹ yọ ọ́ kẹ́ ẹ tún un lẹ̀. Bó bá rìn tààrà ṣùgbọ́n tí kò jùrù, àgbọ̀n kéré jù tàbí òjé ti pọ̀ jù. Okùn tí a dì pinpin mọ́ ojóbó imú náà máa ń pa ìjùrù, ẹ fi ààyè sílẹ̀ nínú ìdì yẹn.

Ó ku ṣónṣó kékeré tó yíjú padà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu ìwọ̀, tí kì í jẹ́ kí ẹja já bọ́. Wọ́n ti dábàá "èékánná" àti "ẹ̀gún". Ẹ̀gún ni mo fara mọ́, kí a lè sọ pé ìwọ̀ ẹlẹ́gùn-ún àti ìwọ̀ aláìlẹ́gùn-ún. Ẹni tó bá fẹ́ máa dá àwọn ẹja kékeré padà sódò, kó fi ẹ̀mú tẹ ẹ̀gún náà mọ́lẹ̀ kó tó so ìwọ̀ mọ́ òrùka.