Ìmọ̀ràn: àwọn tó ń ṣiṣẹ́ láti ilé, báwo ni wọ́n ṣe máa dìde lórí àga?

Ọmọ Adó: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará wa. Èmi ni mò ń darí àwọn mẹ́fà tó ń dá oníbàárà lóhùn láti ilé, ní Adó, Ìkẹ́rẹ́ àti Ìjerò. Àárọ̀ dalẹ́, orí àga ni wọ́n wà. Ẹ̀yìn ń ro ọ̀kan, òmíràn ní ẹsẹ̀ òun ń wú. Mo fẹ́ kí wọ́n máa gbéra, àmọ́ mi ò fẹ́ kó dà bíi pé mo fi iṣẹ́ kún iṣẹ́. Kí lẹ ti ṣe tó bọ́ sí i?

Ìyá Ìbejì: Ìpàdé ni kẹ́ ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Èyí tí ẹ kò ní wo ìwé kankan níbẹ̀, ẹ pa kámẹ́rà, kí kálukú máa rìn nínú àgbàlá, kó máa sọ̀rọ̀. Ẹ máa gbọ́ àkùkọ, ẹ máa gbọ́ jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò. Kò pa ẹnikẹ́ni lára.

Nọ́ọ̀sì Ìkẹ́rẹ́: Iṣan ẹ̀yìn ojúgun ló ń bá wa ti ẹ̀jẹ̀ padà sókè, tá a bá sì ń rìn ló ń ṣe é dáadáa. Èèyàn jókòó pẹ́, omi á rọ́ sí ọrùn ẹsẹ̀. Ẹni tí ìpè ò jẹ́ kó dìde, kó máa gbé gìgísẹ̀ sókè sódò lábẹ́ tábìlì bí ẹni tó ń tẹ ẹ̀rọ ìránṣọ. Àmọ́ tó bá jẹ́ ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ló wú, tó gbóná, tó ń ro ó, ilé ìwòsàn lónìí ni o! Ìlànà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde ní 2020 ní kí àgbàlagbà máa fi ìṣẹ́jú 150 sí 300 lọ́sẹ̀ ṣe eré ìmárale oníwọ̀ntúnwọ̀nsì. Díẹ̀díẹ̀ náà wà nínú rẹ̀.

Alágbára: Ẹ ṣe ìdíje. Ẹni tí fóònù bá kà pé ó rìn jù lóṣù, ẹ fún un ní dátà.

Ìyá Ìbejì: Aláboyún ńkọ́? Ẹni tí orúnkún ń dùn ńkọ́? Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀ jàre.

Jẹ́jẹ́: Iná tí wọ́n ń mú lọ ló ń gbé èmi dìde 😂

Ará Òkè: Ọmọ Adó, àmì aláwọ̀ ewé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ wọn lórí kọ̀ǹpútà, tó ń fi hàn pé wọ́n wà lẹ́nu iṣẹ́, ńkọ́? Níbi tí mo ti ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀, tí máósì bá ti dúró díẹ̀, àmì náà á di yẹ́lò, ọ̀gá á kọ̀wé pé, "Ṣé o wà níbẹ̀?" Ilé ìtọ̀ gan-an, eré là ń sá lọ. Ẹ lè wàásù ìrìn títí ilẹ̀ á fi ṣú, bí ẹnì kan bá ń ṣọ́ àmì yẹn, wọn ò ní kúrò lórí àga. Ẹ kọ ọ́ sínú ìlànà iṣẹ́ pé kò sẹ́ni tó máa bi wọ́n léèrè tí wọ́n bá fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá kúrò lórí àga láàárín wákàtí méjì. Kí ẹ̀yin sì kọ́kọ́ dìde lójú wọn, kẹ́ ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pé, "Mo lọ gún iyán, mò ń bọ̀."

Ọmọ Adó: Ó yé mi, ẹ̀gbọ́n. Àmọ́ tí ìpè bá ń wọlé léraléra ńkọ́?

Ará Òkè: Ẹ pín wọn ní méjì-méjì. Bí ọ̀kan bá jáde, èkejì á gba ìpè tiẹ̀. Ẹni tí oníbàárà ṣẹ̀ṣẹ̀ bú tán ni kẹ́ ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ lọ.